Ẹnì Kan Fọwọ́ Síwèé, Gbogbo Ẹ̀yà Ló Kàn: Àlàyé Lórí Ìwádìí Jíìnì

Bí wọ́n bá ní kí èèyàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí jíìnì, ìyẹn ìwádìí ohun tí a jogún lára òbí, fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀, àyè ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó fọwọ́ síwèé nìkan. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, àwọn tí wọ́n jọ bí sì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn láti ìran dé ìran, a jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà náà ló ní ìpín níbẹ̀. Ẹnì kan gbà, ẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò sí níbẹ̀ ni ìròyìn náà kàn.

Ìdí nìyí tí ìwádìí jíìnì fi gba àròjinlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye ju bó ṣe gbà á lọ́dọ̀ àwọn tó pọ̀ lọ. Wàhálà méjì ló sì ń dúró dè wọ́n. Bí wọn ò bá sí nínú ìwádìí, oògùn àti àyẹ̀wò tó bá tibẹ̀ jáde lè má bá wọn lára mu. Bí wọ́n bá sì wà níbẹ̀ láìní ẹnu ọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ohun tí wọn ò fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nípa wàhálà kejì, wọ́n sì parí èrò sí pé kí wọ́n má bá wọn lọ́wọ́ sí i rárá. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn ni ojútùú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn olùwádìí ń wá. DNA ni èròjà tí ohun tí a jogún wà nínú rẹ̀, ó sì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ àwọn lẹ́tà náà tò tẹ̀lé ara wọn tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Jíìnì ni apá kan nínú rẹ̀ tó ń sọ fún ara bó ṣe máa ṣe purotéènì kan, irú jíìnì bẹ́ẹ̀ sì tó nǹkan bí 20,000 nínú èèyàn. Bí ẹ bá mú èèyàn méjì tí wọn ò bára tan, kí ẹ sì to DNA wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú lẹ́tà 1,000, nǹkan bí ẹyọ kan ló máa yàtọ̀. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n nínú bílíọ̀nù mẹ́ta, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́ta. Inú àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń wá ohun tó ń fa àìsàn. Wọ́n á kó àwọn tó ní àìsàn náà jọ, wọ́n á kó àwọn tí kò ní in jọ, wọ́n á wá wo ìyàtọ̀ tó pọ̀ lára àwọn ti àkọ́kọ́ ju ti àwọn kejì lọ. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ìṣirò ò sì lè rí ẹni tí wọn ò kà mọ́ ọn.

Ohun kan wà tó yẹ ká mú kúrò lọ́nà kíá. Èrò pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àpótí jíìnì tirẹ̀ tó dá dúró kì í ṣòótọ́. Ní 1972, onímọ̀ jíìnì kan, Richard Lewontin, ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn èèyàn ayé, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà ló wà láàárín àwọn tó jọ jẹ́ ọmọ ibì kan náà. Ohun tó máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà ni bí àwọn lẹ́tà kan ṣe wọ́pọ̀ tó. Lẹ́tà kan lè wọ́pọ̀ níhìn-ín, kó ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún, kó sì má sẹ́ni tí kò lè ní in. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ò ní tètè gba ìwé ìròyìn gbọ́ bó bá kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n ti rí “jíìnì ẹ̀yà báyìí.” Ní 2006, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand ní “jíìnì jagunjagun” tó ń mú kí wọ́n ya oníjàgídíjàgan. Jíìnì tí wọ́n ń sọ, MAOA, wà lára gbogbo èèyàn, irú rẹ̀ tí wọ́n tọ́ka sí sì wọ́pọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Síbẹ̀, ara àwọn Māori ni àbùkù náà lẹ̀ mọ́.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yà tí wọn ò kà mọ́ ìṣirò? Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú kí iṣan ọkàn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè pa ọ̀dọ́ tó ń ṣeré ìdárayá lójijì. Jíìnì ló ń fà á nígbà púpọ̀, nítorí náà àwọn oníṣègùn máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí àìsàn náà bá wà wò. Ẹni tí èsì bá mú, wọ́n lè ní kó pa eré ìdárayá tì, kó máa wá yẹ ọkàn wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì pe àwọn tí wọ́n jọ bí wá fún àyẹ̀wò. Ní 2016, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà. Ó fi hàn pé wọ́n ti sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan pé ìyàtọ̀ tó ń fa àìsàn yìí wà lára wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìyàtọ̀ ọ̀hún ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Àwọn tó kọ́kọ́ rí àwọn ìyàtọ̀ náà rí wọn lára aláìsàn, wọ́n wá wò ó bóyá ó wà lára àwọn tí ara wọn le. Wọn ò rí i níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé òun ló ń fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ara wọn le tí wọ́n fi wé, lára àwọn yẹn sì ni ìyàtọ̀ náà ti ṣọ̀wọ́n. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò sí ohun tó ń ṣe ọkàn wọn. Àwọn tó ṣe ìwádìí 2016 ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ká ní wọ́n fi aláwọ̀ dúdú kún àwọn tí wọ́n fi wé, kódà kí wọ́n má pọ̀, àṣìṣe náà kì bá tí wáyé. Èyí ni mo máa ń rántí bí ẹnì kan bá sọ pé kí ẹ̀yà òun takété pátápátá. Àìsí níbẹ̀ náà máa ń ṣeni lọ́ṣẹ́, ọṣẹ́ rẹ̀ kàn máa ń pẹ́ kó tó hàn ni.

Àìdọ́gba yìí kì í ṣe kékeré. Ní 2009, nínú gbogbo àwọn tó kópa nínú ìwádìí tó ń fi jíìnì èèyàn púpọ̀ wá okùnfà àìsàn, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ìran Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 81. Ará Éṣíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kún un. Ìran Áfíríkà ò ju nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ wọn kí àwọn àjèjì tó dé, bí àwọn Māori, ò sì tó ìdá kan.

Orúkọ Yorùbá gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní HapMap ní 2002, láti to ìyàtọ̀ jíìnì èèyàn lẹ́sẹẹsẹ, èèyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, àwọn ará Japan láti Tokyo, àwọn Han láti Beijing, àti àwọn ọmọ ìran Yúróòpù láti ìpínlẹ̀ Utah. Láti ìgbà náà, YRI ni wọ́n ń kọ sínú ìwé tí wọ́n bá ń tọ́ka sí àwọn Yorùbá yẹn. Àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àwọn 90 yìí ní “ọmọ Áfíríkà” lásán bí ẹni pé wọ́n ṣojú fún gbogbo ilẹ̀ náà, torí kò sí ibòmíràn láyé tí ìyàtọ̀ jíìnì pọ̀ tó ti Áfíríkà. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí, àwọn 90 yìí ni wọ́n fi dúró fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yà mélòó ni ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti ń jẹ́rìí fún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n?

Àǹfààní tó wà nínú kí onírúurú èèyàn kópa kì í sì í ṣe ti àwọn nìkan. Ní 2005 sí 2006, àwọn olùwádìí kan nílùú Dallas rí i pé nǹkan bí aláwọ̀ dúdú kan nínú 40 tí wọ́n yẹ̀ wò ní jíìnì PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré gan-an, àrùn ọkàn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà rí ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe oògùn tó ń dí purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe lọ́wọ́, tó jáde fún títà ní 2015. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ní Amẹ́ríkà ju dọ́là 14,000 lọ lọ́dún. Jẹ́ ká ro ìyẹn dáadáa. Ara àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè san irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ náà kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń tún jíìnì ṣe fún àwọn tó ní in, iye rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 2.2 fún ẹnì kan.

Bí mo ti dárúkọ fòníkú-fọ̀ladìde, ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, torí kò sí ibi tí èrò rere ti yíwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ SS ló ní àìsàn náà. AS ò ní in, ó kàn lè bí ọmọ tó ní in bí ẹni tó fẹ́ bá jẹ́ AS náà ni. Nǹkan bí ẹnì kan nínú aláwọ̀ dúdú 12 ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ AS. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fi òfin mú àwọn èèyàn ṣe àyẹ̀wò, ọmọ iléèwé níbì kan, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó níbòmíràn. Àwọn kan tó kọ òfin ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín AS àti SS, wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé aláìsàn ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò ṣàìsàn rí láyé rẹ̀ wá di ẹni tí iléeṣẹ́ ò fẹ́ gbà síṣẹ́, tí adójútòfò sì ń gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Iléèwé àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà kì í gba AS wọlé títí di 1981. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní láti 1972 pé tinútinú ni kí àyẹ̀wò náà jẹ́, àmọ́ àbùkù ti wọlé.

Àyẹ̀wò náà ò ní àbùkù nínú. Ohun tó sọnù ni àlàyé, àṣírí, àti ohùn àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àwọn Havasupai, ẹ̀yà kékeré kan lára àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, ló ṣe kedere jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àfonífojì Grand Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona ni wọ́n ń gbé, wọn ò sì ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra gidigidi. Láti 1990, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ohun tí ará ìlú sì mọ̀ ni pé ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n fẹ́ wádìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí fọ́ọ̀mù fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó sọ nípa àìsàn àti ìṣòro ìhùwàsí lápapọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè kejì fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Ní 2003, obìnrin kan nínú wọn lọ jókòó ní yunifásítì náà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ tó fi fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn òun ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sì kan ìtọ̀ ṣúgà rárá. Ó béèrè bóyá wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe tú u wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ náà wádìí schizophrenia, tó jẹ́ àìsàn ọpọlọ, àti bí àwọn Havasupai ṣe ń fẹ́ ìbátan wọn tó, àti bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ti Éṣíà ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló dùn wọ́n jù. Ìtàn tí wọ́n jogún ni pé inú àfonífojì yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀, àwọn sì ni olùtọ́jú rẹ̀. Ìtàn yẹn ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀ wọn, tó sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá bí wọ́n bá ń jà fún un. Wọ́n pe yunifásítì náà lẹ́jọ́ ní 2004. Ní 2010, yunifásítì gbà láti san dọ́là 700,000 fún èèyàn 41 nínú wọn, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà. Àwọn Havasupai fúnra wọn lọ gbà á níwájú fíríìsà tó wà, wọ́n sì kọrin sí i, torí nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ti àwọn tó ti kú wà níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn Havasupai ń fẹ́ ìbátan, orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Gbogbo ìlànà tó ní kí wọ́n bo orúkọ ẹni tó kópa mọ́lẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé, síbẹ̀ ojú ti gbogbo ẹ̀yà, títí kan ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Fọ́ọ̀mù tó dá lórí ẹnì kan ṣoṣo ò lè dí ihò yìí. Láti ọdún 2002 sì ni àwọn Navajo, tí ilẹ̀ tiwọn náà wà ní Arizona, ti fi òfin dá ìwádìí jíìnì dúró lórí ilẹ̀ wọn.

Orúkọ tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn bò yẹn, kò bò tó bí wọ́n ṣe ń wí. Ní April 2018, àwọn ọlọ́pàá California mú apànìyàn kan tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe DNA tirẹ̀ ni wọ́n rí nínú ibi tí àwọn èèyàn ń kó èsì DNA wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó jìnnà ni. Inú gbogbo èèyàn dùn pé wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tó mú ọ̀daràn lè mú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yà tí kò pọ̀ ni yóò sì rọrùn jù láti tọ́pasẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ èèyàn díẹ̀ ti tó láti dá gbogbo wọn mọ̀. Ní ẹkùn Xinjiang ní Ṣáínà, níbi tí àwọn Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan, ń gbé, àjọ Human Rights Watch tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ ní 2017 pé ìjọba ń gba DNA àwọn olùgbé láti ọmọ ọdún 12 dé 65, tí wọ́n sì ń gba ti àwọn kan lábẹ́ orúkọ àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́. Ní 2019, iléeṣẹ́ Thermo Fisher kéde pé òun ò ní ta ẹ̀rọ ìdánimọ̀ DNA sí Xinjiang mọ́.

Àwọn ẹ̀yà kan ti fi hàn pé ìjánu lè wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Àìsàn Tay-Sachs máa ń mú ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà agbára rẹ̀ á máa lọ, ọ̀pọ̀ kì í sì í pé ọdún márùn-ún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 30 láàárín àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ló gbé jíìnì rẹ̀ láìṣàìsàn. Ní 1983, rábì kan nílùú New York tí àìsàn náà ti pa ọmọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ dá ètò tí wọ́n ń pè ní Dor Yeshorim sílẹ̀. Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wò, àmọ́ nọ́ńbà ni wọ́n ń fún wọn, wọn kì í sọ èsì fún ẹnikẹ́ni. Bí ìdílé méjì bá ń gbèrò àna, wọ́n á fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́, ìdáhùn tí wọ́n á gbà ni bóyá àwọn méjèèjì bára mu tàbí wọn ò bára mu. Ẹni tó gbé jíìnì náà lè dàgbà, kó sì darúgbó láìmọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi èsì ara ẹni pa mọ́ fún ẹni, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n àwùjọ yẹn ló mọ ohun tí ìtìjú lè ṣe láàárín wọn, àwọn ló sì yan ọ̀nà náà.

Àwọn San ìhà gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2010, wọ́n tẹ àkójọ DNA àwọn ọkùnrin San mẹ́rin láti Namibia jáde, àwọn aṣáájú San sì figbe ta pé kò sẹ́ni tó gba àyè lọ́wọ́ àwọn. Ní 2017, wọ́n gbé ìlànà tiwọn jáde fún gbogbo olùwádìí tó bá fẹ́ wọ àárín wọn: ọ̀wọ̀, òtítọ́, ẹ̀tọ́ àti ìtọ́jú. Ó ní kí olùwádìí kọ́kọ́ wá bá ìgbìmọ̀ wọn, kó jẹ́ kí wọ́n ka ohun tó fẹ́ tẹ̀ jáde kó tó tẹ̀ ẹ́, kó sì sọ àǹfààní tó máa kàn wọ́n.

Ẹni tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ lè béèrè bẹ́ẹ̀ náà, olùwádìí tòótọ́ ò sì ní bínú. Ṣé àìsàn tí ẹ dárúkọ yìí nìkan lẹ máa fi ẹ̀jẹ̀ mi wádìí, àbí ohunkóhun tó bá wù yín lọ́jọ́ iwájú? Ta ni ẹ máa fún? Orúkọ wo lẹ máa pe ẹ̀yà mi nínú ìwé yín? Bí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́? Ẹ fetí sí ìdáhùn ìbéèrè yìí gan-an, torí wọ́n lè da ẹ̀jẹ̀ nù, àmọ́ lẹ́tà DNA tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn kì í ṣeé kó padà. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ wà, ẹ rántí pé òfin tí wọ́n ṣe ní 2008 ò jẹ́ kí ẹni tó gbani síṣẹ́ tàbí adójútòfò ìlera fi jíìnì ṣe yín níbi, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ adójútòfò ẹ̀mí.

Bó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò fún ìtọ́jú ara yín ni, tí wọ́n wá sọ pé ìyàtọ̀ kan wà tí wọn ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín nítorí ìyẹn nìkan. Ẹ bi oníṣègùn bóyá àwọn èèyàn ìran yín wà nínú àwọn tí wọ́n fi èsì náà wé, kí ẹ tọ́jú ìwé èsì náà, kí ẹ sì padà lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan kí wọ́n tún un wò, torí bí onírúurú èèyàn ṣe ń kún ìwádìí ni ìtumọ̀ irú èsì bẹ́ẹ̀ ń yí padà.